Ẹ̀ka Igi Tí Ẹ Ṣẹ́ Sílẹ̀ fún Mi

Màámi àtàtà,

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, tí ẹ pọ̀n dàgbà, ti ń ṣe géèmù báyìí. Géèmù kékeré ni, ó sì ń dẹ́rù bani. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣe é, nínú yàrá yín níhìn-ín ní Festac. Inú àlọ́ àwọn ará Japan ló ti mú un: ọkùnrin kan pọn ìyá rẹ̀ arúgbó lọ sórí òkè, ó fẹ́ lọ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kò sí iwin tó ń fò mọ́ni nínú rẹ̀. Kùrukùru ni, ìró ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, àti igi tó ń ṣẹ́ pá, pá, lẹ́yìn ọkùnrin náà.

Èmi ni mo bá a ṣe ìró igi yẹn. Orín ni mo ń ṣẹ́ sẹ́nu máìkì. Ẹ rántí orín àárọ̀ yín? Ẹ ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ ó na ìdajì sí mi, àní nígbà tí mo ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́.

“Dádì, ẹ rọra máa mí, máìkì ń gbọ́ yín o.”

Mo bi í pé ta ló ń ṣẹ́ igi. Ó ní ìyá náà ni, pé ó ń ju ẹ̀ka sójú ọ̀nà kí ọmọ rẹ̀ má baà ṣìnà bó bá ń padà sílé.

N kò lè ṣẹ́ orín mọ́.

Màámi, ọjọ́ tí mo gbé yín lọ sí yàrá kan ní Abúlé Adó, mo ní mo fẹ́ kun ilé ni, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Irọ́ ni. Orin àdúrà ìdájí yín ló sú mi. Ọ̀dà kò kan ògiri ilé yìí títí dòní. Nínú ọkọ̀, ẹ ń tọ́ka: mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, igi máńgòrò, kí n má baà ṣìnà bí mo bá ń bọ̀ wá mú yín. Mo ní kí ẹ dákẹ́, pé mo mọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n pè mí pé ẹ ti jáde láyé ni mo tó tún rí igi máńgòrò yẹn.

Ṣé ẹ ti mọ̀ láti ilé pé n kò ní padà wá mú yín?

Ohun tí mo ń sọ fún Àbẹ̀kẹ́ láti kékeré ni pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ dá gbé. Mo sọ òtítọ́ fún un lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìró igi yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé kọ̀ǹpútà wá síwájú mi. Ó ti fi ọ̀nà kan kún un, tí ọkùnrin náà fi lè pọn ìyá rẹ̀ padà sílé.

Mo ta géèmù náà títí mo fi dé orí òkè. N kò sọ̀ yín kalẹ̀. Mo ń tẹ̀lé ẹ̀ka igi yín bọ̀ nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó mọ̀nà, tí kò wá.