Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi Nínú Òkìrìkà

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Fàtólú,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Igbe, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Àwọn Ilé Ìgbókùúsí,
Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ AṢỌ ÒKÚ TÍ WỌ́N TÀ NÍ ILÉ ÌGBÓKÙÚSÍ ADÚRÓTÌ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ IBOJÌ BÀBÁ MI

1. Orúkọ mi ni Mọ́nsúrátù Oyèníran. Aránṣọ ni mí. Mo máa ń ra ṣẹ́ẹ̀tì ńláńlá nínú òkìrìkà, mo máa ń tú wọn, mo sì ń fi wọ́n rán aṣọ ọmọdé. Ohun tí mo kọ síbí yìí ṣojú mi.

2. Bàbá mi, Àlímì Oyèníran, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ru ẹrù ní èbúté Àpápá. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ìgbàgbé ti ń dà á láàmú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, á ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn awakọ̀ tírélà mú un padà wá láti Malu Road. Nítorí èyí ni mo ṣe fi òwú funfun rán "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ mi" àti nọ́ńbà fóònù mi sí abẹ́ ọrùn gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

3. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Èrèlé, ó jáde nílé nígbà tí ìyá mi ń pọn omi lẹ́yìnkùlé. Kò padà wá. A wá a dé Marine Beach, a wá a dé Àpápá GRA, mo sì fi tó àwọn ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo mú fọ́tò rẹ̀ lọ sí Ilé Ìgbókùúsí Adúrótì. Mo sọ fún òṣìṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀, tí ń jẹ́ Monday, pé ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù onílà funfun ló wọ̀ jáde. Kò dìde lórí àga. Ó ní, "Màdáàmù, kò sí ẹni tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ níbí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn bí mo ṣe ń jáde.

4. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù Igbe, mo lọ ra ọjà lọ́dọ̀ Obiageli, obìnrin tó ti ń ta òkìrìkà fún mi láti ọdún mẹ́fà. Ọrùn ni aṣọ àlòkù ti ń kọ́kọ́ gbó, nítorí náà ọrùn ni mo máa ń yí wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mo yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan. Nọ́ńbà fóònù mi ni mo kà níbẹ̀. Mi ò pariwo. Mo kàn bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní, "Àǹtí Mọ́nsúrá, èyí ò sí nínú ẹrù òkè òkun o. Monday tó ń ṣiṣẹ́ ní mọ́ṣúárì ló kó wọn wá, ó ní àwọn èèyàn ló fi ta òun lọ́rẹ." Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn án, ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún. Ó palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ó sì tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìgbókùúsí náà. Mi ò fi ẹ̀sùn kankan kàn án.

5. Monday kò jiyàn. Ó ṣí ìwé wọn fún wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọjọ́ kejìlá oṣù Èrèlé, wọ́n gbé ọkùnrin àgbàlagbà kan wá, ọkọ̀ ló gbá a, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá mi padà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwọn òkú tí kò ní ẹni, wọ́n sin wọ́n. Nípa aṣọ, Monday ní, "Òkú kì í béèrè aṣọ. Bí a ò bá tà á, a máa sun ún ni." Mo bi í nípa nọ́ńbà. Ó ní, "Mo rí i. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé."

6. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Kò sí iná ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ náà, fóònù mi sì máa ń kú. Èmi fúnra mi ni mo gbé fóònù mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá wa fi iná sí i, kí n lè rí i lò láti fi wá bàbá mi. Kò sí ọjọ́ tí n kì í rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè. Lẹ́yìn náà ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó tà á. Ká ní aṣọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, à bá ti gbé òkú bàbá mi lọ sílé.

7. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Raphael, mú wa lọ sí ibi ìsìnkú. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ó ní èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà nínú ilẹ̀ náà. Ó nawọ́ sí iyanrìn, ó ní, "Ẹ ṣàdúrà níbikíbi tó bá wù yín, ó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Mùsùlùmí ni bàbá mi. Kò sẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó kírun sí i lára.

8. Mi ò béèrè owó. Mo bẹ̀ yín kí ẹ pe àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ náà àti ìwé wọn, kí wọ́n fi ojú ibi tí bàbá mi wà hàn wá, kí ìmáàmù wa lè dúró síbẹ̀. Mo tún bẹ̀ yín kí ẹ fòfin de títa aṣọ òkú tí a kò tíì mọ ẹni rẹ̀, nítorí ìyá tàbí ìyàwó ẹlòmíì lè dá a mọ̀. Ẹni tó bá wá ẹni rẹ̀ wá, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dìde, kí wọ́n mú un wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí ẹ bá pè mí, màá mú un wá, Obiageli sì ti ṣetán láti jẹ́rìí.

9. Ìyá mi kò tíì gbọ́. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ fún un. Mo mọ̀ pé bí ó bá sunkún tán, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi mí ni pé níbo ni wọ́n sin ọkọ òun sí. Mi ò ní ìdáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìdáhùn tí mo máa fún un.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á.

Èmi ni tiyín, ọmọ olóògbé,

Mọ́nsúrátù Oyèníran,
Aránṣọ, Ajégúnlẹ̀.