Rọ́bà Tí Mo Wí Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Onírọ́bà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àìfọkànbalẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sálíù àti gbogbo agboolé wa ní Gàmbàrí. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, torí mo gbọ́ pé gbogbo àdúgbò ló bá yín sunkún.

Bàtà tí ẹ fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù dé ọwọ́ mi. Mo tú u, mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo gbọn àpò náà títí, n ò rí tòsì. Háà! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ẹ gbọ́.

Ìyá mi, wọn ò gé mi lẹ́sẹ̀ o! Nígbà tí Sálíù lọ gba fóònù ní Post Office, mo ní wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí lẹ́sẹ̀ òsì. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún un. Nígbà tó dénú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ onírọ́bà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Abọ́ ni mò ń fọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, òtútù ibí ò sì láàánú. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ òsì mi tutù bí òkúta. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan rẹ̀. Bí kò bá tètè yọ́, gígé ni. Mo sunkún. N ò rí ẹnì kan tí yóò di ọwọ́ mi mú.

Dókítà ní oríṣi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì làwọn ń fi wéra, tó ń gbé oògùn wọnú iṣan dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì. Ọ̀kan dà bíi búta àlùwàlá yín, ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Èkejì ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ajere, ó ń fọ́n oògùn káàkiri. Mo bi í pé èwo ló dáa jù. Ó ní àwọn ò tíì mọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń dán wọn wò. Òótọ́ tó sọ yẹn ló jẹ́ kí n gbà.

Ajere ló kàn mí. Wọ́n ń ṣọ́ mi, torí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya lára mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi gbóná. Alihamudulilahi! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn. Sàárà tí ẹ ṣe náà kò ṣòfò.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ má sì bá Sálíù jà. Bàtà ọ̀tún yẹn bá mi mu rẹ́gí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tòsì ránṣẹ́. Méjèèjì ni mo fẹ́ wọ̀ rìn wọlé wá bá yín.

Ọmọ yín ẹlẹ́sẹ̀ méjì,
Jímọ̀