Ojú Tuntun fún Jíìpù Wa

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ọ̀rọ̀ jíìpù yìí ò yé mi mọ́. Láti ìgbà òjò ni ọkọ mi ti ń sọ pé kí n ní sùúrù, pé àwọn tó ń ṣe é máa tó gbé èyí tí wọ́n tún ojú ẹ̀ ṣe jáde, pé òun á fi rọ́pò ògbólógbòó tiwa. Fọ́tò ẹ̀ ló ń wò ṣáá lórí fóònù.

Lónìí mo lọ ra ata ní Addo, ni mo bá rí jíìpù wa lọ́dọ̀ panẹbítà, àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe. Ọkọ mi tó sọ pé ibi iṣẹ́ lòun gbé e lọ!

Ọ̀gá panẹbítà rẹ́rìn-ín sí mi. "Mádàámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí tuntun yẹn ṣáà jáde, ká rí bọ́ńpà àti iná iwájú ẹ̀ rà. Tá a bá gbé wọn wọ tiyín, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé èyí àtijọ́ ni ní gbogbo Thomas Estate."

Gbogbo Thomas Estate! Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lèmi náà ń gbé ni?

Nígbà tí ọkọ mi wọlé, mo bi í léèrè nípa tuntun náà. "Ó kù díẹ̀," ló wí. Kò wojú mi.

Lọ́jọ́ tó bá gbé e dé, tó ní kí n wá gbàdúrà lé e lórí, màá kọ́kọ́ wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Epo pupa tí mo ṣèèṣì dà síbẹ̀ nínú tiwa lọ́dún tó kọjá ò tíì lọ.