Eékún Orrin, Eékún Marlys

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọdún 2019, o ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé kan ní Duluth, o sì kú, Orrin, àbúrò mi. Kápẹ́ẹ̀tì wà léjìká rẹ. Eékún rẹ ló há.

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ.

Marlys ọmọ rẹ kò jẹ́ kí iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì títẹ́ rẹ kú. Ọkọ̀ rẹ ló ń wà. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ń ṣe náà ló ń ṣe. Yàrá tó yẹ kó fi ọ̀pá gígùn na kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ògiri, irin kékeré eléyín tó ń di kápẹ́ẹ̀tì mú ló ń fi eékún gbá láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní ọ̀pá ń jẹ àkókò. Ìwọ lo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo ń pè é ní ọ̀pá arúgbó.

Lọ́dún yìí, eékún rẹ̀ wú. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní oríkèé ò rí bákan náà: ti agbárí ti so pọ̀, kì í mì; ti ìbàdí rí róbótó nínú ihò, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún; ti eékún ń ṣí, ó ń tì bí ilẹ̀kùn, a kò dá a fún gbígbá nǹkan. Ohun funfun kan tó ń dán ló bo orí egungun níbẹ̀ kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú rẹ̀; bó bá ti jẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ hù padà. Ti Marlys ti fẹ́lẹ́, ó ti ń ya. Dókítà ní kó má fi eékún gbá nǹkan mọ́.

Kò gbọ́. Lóṣù tó kọjá, à ń gbé kápẹ́ẹ̀tì gun àtẹ̀gùn ilé ìwé kan, òun níwájú, èmi Leif lẹ́yìn. Ó dúró lójijì.

"Bàbá Leif, ẹ dì í mú. Ẹsẹ̀ mi ò nà."

Mo ti èjìká bọ abẹ́ ẹrù náà. Ìwọ ni mo ń rí, Orrin. Ìwọ ni mo ń rí. A sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí eékún náà fi tú.

"Ẹ má sọ nǹkan kan."

Ó na ẹsẹ̀ náà wò.

"Ẹ lọ gbé ọ̀pá arúgbó yín wá. Tẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ máa dá na gbogbo yàrá yẹn."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ló ń lò. Èyí tó ti jẹ kò ní padà. Èyí tó kù, ó kù.

Àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀.

O fi Joan ìyàwó rẹ sílẹ̀. O fi Marlys, tó ń rìn, sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí o kò kùn tán. Ajá tó ṣì ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Àti èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ.