Omi Balùwẹ̀ Wa Ti Ń Lọ

Adúmáadán mi, ìyá àwọn ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé orúnkún rẹ kò dà ọ́ láàmú mọ́? Ṣé ọmọ-ọmọ wa ti ń sùn dáadáa, àbí ó ṣì ń fi igbe jí gbogbo ilé bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe? Ní tèmi, ara mi le bí irin abẹ́ ọkọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà.

Nígbà tí o pè mí kẹ́yìn, o bi mí bóyá kí o dúró ti ọmọbìnrin wa títí ọmọ rẹ̀ yóò fi wọ iléèwé, tàbí kí o padà wálé bí a ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní màá dá ọ lóhùn. Lórí fóònù, gbogbo ilé ló ń gbọ́ mi. Àna wa á máa rẹ́rìn-ín, ọmọ á máa ké, ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í sì í ṣe ohun tí à ń sọ lójú agbo. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ìwé mi kò pọ̀, o mọ̀, iléèwé alẹ́ ni mo ti kọ́ ọ lẹ́yìn tí mo bá já ẹrù tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orí ru àpò títí tó fi di ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀, tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní Kìnìún Títì, ṣé lẹ́tà ni yóò wá dá a dúró lọ́nà?

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ni pé kí o máa gbé ọ̀dọ̀ wọn bó bá ṣe wù ọ́. Èmi kò nílò ẹnikẹ́ni. Mo ń se oúnjẹ mi, mo ń fọ aṣọ mi, ó tiẹ̀ ń mọ́ ju ti ìgbà tí o wà nílé lọ. Má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo kàn máa ń fi rédíò sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ bí mo bá ń jáde, kí n lè bá ohùn èèyàn nílé. Olè ni mo fi ń dẹ́rù bà.

Àfi bí omi balùwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìmẹ́lẹ́. Bí mo bá wẹ̀, omi á dúró dé kókósẹ̀ mi, ìfófòó ọṣẹ á léfòó sórí rẹ̀, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Mo pe onílé. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń gbébẹ̀, ẹ̀yin lẹ dí i. Ẹ má ṣáà da ásíìdì sí i o! Páìpù oníke ni. Bó bá yọ́, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe." Ọmọ tí mo lè bí ló ń kọ́ mi ní páìpù! Èmi tí mo tú ẹ́ńjìnnì lójú títì nínú òjò! Mo dá a lóhùn pé, "Ó dáa, alága gbogbo onílé." Ó rò pé mò ń yìn ín ni.

Agídí ló mú mi lọ ra ásíìdì tó ní kí n má rà. Mo sì ti da bílíìsì sí ihò tí omi ń gbà lọ tẹ́lẹ̀, nítorí ìwọ lo máa ń dà á sí i kí ibẹ̀ má baà rùn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo da ásíìdì lé e díẹ̀. Adúmáadán, òórùn kan ta sókè, ó fún mi lọ́fun, ojú mi ń ta, mi ò rí èémí fà. Ọwọ́ ni mo fi táràrà ilẹ̀kùn tí mo fi rá pálá jáde. Aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ gbọ́ ikọ́ mi, ó sáré gòkè wá.

Ó pariwo pé, "Bàbá, ẹ bọ́ síta! Ta ní ń da ásíìdì lé bílíìsì? Èéfín rẹ̀ ń pààyàn!" Ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó fà mí dé orí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Bí ẹ bá dákẹ́ síbẹ̀ ńkọ́, ta ni n bá pè? Mi ò tiẹ̀ mọ nọ́ńbà ìyàwó yín." Mo ń rò ó pé bí kì í bá ṣe ikọ́ yẹn, rédíò nìkan ni ì bá máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ.

A fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì. Mo dé ike ásíìdì náà pa, mo dá a padà fún ẹni tó tà á. Mo wá da omi tútù púpọ̀ sí ihò náà, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo ṣí ìdérí oníhò tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo tẹ imú wáyà bí ìwọ̀ ẹja, mo tì í bọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà lu páìpù. Ohun tí mo fà jáde pọ̀ bí eku! Irun ni, ọṣẹ ti dì mọ́ ọn. Èmi tí orí mi ti pá láti ọjọ́ pípẹ́, irun ta ni ìbá jẹ́ bí kì í bá ṣe tìrẹ? Mo rí ibi tó funfun, mo rí ibi tí o pa láró. Mo jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì fúngbà díẹ̀ kí n tó lè jù ú nù.

Mo wá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣàn án. Mi ò jẹ́ kí omi náà hó, nítorí páìpù oníke. Omi sọ̀ kalẹ̀ gbọ̀ọ̀! Inú mi dùn, mo kígbe, mo yíjú kí n pè ọ́ pé, "Wá wo iṣẹ́ ọkọ rẹ!" Ògiri ló wà níbẹ̀. Láti èwe mi ni mo ti ń gbọ́ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjọ́ yẹn ló yé mi.

Mo lọ ra àwọ̀n irin pẹlẹbẹ tí à ń gbé sẹ́nu ihò kí irun má baà wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń tà á wo orí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, irun wo lẹ fẹ́ fi gbà?" Mo ní, "Ti ìyàwó mi ni. Ó ń bọ̀." Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀nà ni mo ti mọ̀ pé ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn.

Nítorí náà, má dúró di ìgbà tí ọmọ yóò wọ iléèwé. Jẹ́ kí ara ìyá rẹ̀ le dáadáa, kí wọ́n rí ẹni tí yóò máa ràn wọ́n lọ́wọ́, kí o wá máa bọ̀ nílé. Mi ò sọ pé mi ò lè dá gbé o. Mo lè dá gbé. Mi ò fẹ́ ni.

Kí Ọlọ́run dá ọmọ-ọmọ wa sí fún wa, kó má ṣe mọ ìyà. Kí ilé ọmọ wa tòrò. Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ ní ọ̀nà àbọ̀.

Èmi ni olówó orí rẹ,
Kìnìún Títì.

Àfikún: Bí o kò bá ní lè wá, jọ̀ọ́, má fi fóònù sọ ọ́ fún mi. Kọ ọ́ sínú ìwé. Mo máa ń pẹ́ kí n tó ka ìwé tán, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa wo ojú mi.