Kútẹ́ẹ̀sì Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Màámi,

Ẹ kú àárò wa. Ara ọmọ-ọmọ yín ń yá, ẹ fọkàn balẹ̀. Oògùn tuntun yẹn ló ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ kó lè ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń lò ó, wákàtí rẹ̀ kì í sì í yẹ̀.

Lánàá ni mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ẹ fi ránṣẹ́ kun èékánná rẹ̀. Ló bá ń fọwọ́ yangàn káàkiri wọ́ọ̀dù! Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe figbe ta: “Ìyá ọmọ, èékánná yìí là ń wò o! Bí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ò bá tó, tó tún di búlúù, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?” Ojú tì mí. Nọ́ọ̀sì nù ún kúrò, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, “Ó ti ń pọ́n bọ̀.” Ẹ ò rí i pé oògùn ń ṣiṣẹ́!

Èmi náà ń sùn dáadáa. Àga ibí rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì ilé lọ.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ọmọ-ọmọ yín ní kẹ́ ẹ ra kútẹ́ẹ̀sì mìíràn de òun, àwọ̀ tó bá ti wù yín, àfi búlúù.