Ẹran Tí Mo Bèèrè ní Wúsè

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹjọ, 1988

Ojú ara mi ń tì mí. Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ń wá ibi tí a ti lè jẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà ní Wúsè. Èmi tí mo ti parọ́ fún òun àtàwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé mo gbé Amẹ́ríkà rí ni mo kó wọn lọ.

Wẹ́tà bi mí bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹran mi. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó tó kà fún mi, mo mú èyí tó dùn létí mi jù. Àṣé ẹran tí kò jinná ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀, mo pariwo pé kúkù ò mọṣẹ́.

Kúkù jáde, bàbá kan tó ti hewú. Ohùn mi ló fi mọ̀ pé Yorùbá ni mí. Ó rọra ní, "Ọmọ mi, bí ẹ ṣe ní ẹ fẹ́ ẹ nìyẹn o." Àwọn tó kù ò gbọ́ Yorùbá. Ó yíjú sí wọn, ó fi òyìnbó bẹ̀ wọ́n pé òun lòun ṣàṣìṣe.

Inú ṣì ń bí ọ̀gá wa. Ó pe ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà. Ìyẹn bi mí pé, "Màdáámù, ṣé òun ló jẹ̀bi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n lé e lójú mi. Bàbá náà bọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi."